Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo fún Àwa àti Àwọn

Ní ilé-iṣẹ́ tí Taisiya Glebovna ti ń ṣe ògbufọ̀ ní Mọ́skò, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n fi ń pe ohun kan. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ tiwa, ìkóníjàánu ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń kó ọ̀tá níjàánu kí ó má baà kọjá àyè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà, ìdẹ́rùbani ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń dẹ́rù ba aráyé. Irin kan náà ni, iná kan náà ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí a sọ ọmọ ẹni kọ́ ni a ń sọ ọmọ ọ̀tá.

Ìwé kékeré aláwọ̀ eérú kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ gbogbo ògbufọ̀ tuntun. Ojú ewé kọkànlá ni ọ̀rọ̀ méjèèjì wà, wọ́n fa ilà sí àárín wọn bí ẹni pín ilẹ̀ fún ọmọ ìyá méjì tí kì í kí ara wọn mọ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò ní méjì. Ọ̀kan ni wọ́n ní, ìfẹ̀rùdánidúró, òun náà ni wọ́n sì ń lò fún tiwọn, fún tiwa, fún ti ẹnikẹ́ni tó bá ti ní bọ́ǹbù átọ́míìkì nílé. Nítorí náà, bí ògbufọ̀ bá ń gbé ọ̀rọ̀ ìjọba wa lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́dọ̀ fo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn onílé, kí ó lọ ṣa méjì mìíràn wá láti ojú ewé kọkànlá. Ọdún kẹrin rèé tí Taisiya ti ń fò ó. Kò tíì ṣubú rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta ọdún 1984 ló ṣubú. Ọ̀gágun Tuchin wá ṣàlàyé ètò ìjọba lórí ohun ìjà átọ́míìkì fún àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè, bí ọgọ́rin ènìyàn, kálukú pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré létí tí ń sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì ohun tí ọ̀gágun ń sọ ní èdè wa. Taisiya àti Kapitolina Markovna ló wà nínú àgọ́ onídígí lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Kapitolina Markovna, òun ló kọ́ Taisiya níṣẹ́. Taisiya kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá gbọ́ wọn láti inú ẹ̀rọ, àwọn ọ̀gá pàápàá kì í mọ èwo ni ìyá, èwo ni ọmọ.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kálukú ń sọ kó tó gbé e fún ẹnì kejì. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń bu ọwọ́ lu ìwé àkókò, nítorí pé ẹnu tó ń túmọ̀ kò ráyè fún lẹ́ẹ̀dì. Aago mọ́kànlá sí mọ́kànlá ààbọ̀ jẹ́ ti Kapitolina Markovna. Ṣùgbọ́n ikọ́ ti ń jà á láti ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ó sì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ikọ́ náà gbá a lọ́fun mú. Ó na ọwọ́ kan Taisiya léjìká. Taisiya fa gbohùngbohùn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà láàárín gbólóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti máa ń ṣe fún ara wọn. Ta ni yóò wá fa ìwé yọ nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún?

Ọ̀gágun ń kàwé lọ kíákíá, bí ẹni tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró dè. Ó ní ìjọba wa ti ṣe ìlérí níwájú gbogbo ayé pé àwa kọ́ ni a óò kọ́kọ́ ju bọ́ǹbù. Ó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa wà fún ìkóníjàánu, tiwọn sì wà fún ìdẹ́rùbani. Ohun tó jáde lẹ́nu Taisiya sínú etí ọgọ́rin akọ̀ròyìn ni pé, "Rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa wà láti fi ẹ̀rù dá wọn dúró. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn wà láti fi ẹ̀rù dá wa dúró."

Akọ̀ròyìn kan láti Ireland, arúgbó onírùngbọ̀n pupa, na ọwọ́ sókè.

"Ọ̀gágun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ dáadáa. Ẹ ní iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀yin àti àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe?"

Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ìbéèrè náà fún ọ̀gágun, ọrùn rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí wọn kò fi ìkà rín ni, àmọ́ ọ̀gágun tó wá ṣàlàyé bọ́ǹbù kò wá kí wọ́n lè fi òun rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìpàdé, Eduard Filippovich, ọ̀gá àwọn ògbufọ̀, bá àwọn méjèèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ìwé àkókò dání bí ẹni gbé àwo tó gbóná.

"Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," ó ní. Ó fi ìka tọ ojú ìwé. "Kapitolina Markovna. Ṣé ìbuwọ́lùwé yín kọ́ nìyí?"

Kapitolina Markovna kò wo ìwé náà. Ojú Taisiya ló ń wò. Kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń wò ó bí àgbà ṣe ń wo ọmọdé tí wọ́n bi ní ìbéèrè níwájú àlejò, tí àgbà sì mọ̀ pé ọmọ náà mọ ìdáhùn. Taisiya ya ẹnu. Orúkọ òun náà wà lórí ìwé mìíràn lọ́ọ́fíìsì ọ̀gá, ìwé àwọn tí yóò lọ ṣiṣẹ́ ní Geneva fún ọdún méjì, Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n yóò sì fi ọwọ́ sí i. Ẹnu tó ti sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láti àárọ̀ kò rí tara rẹ̀ sọ. Ó pa á dé.

"Ìwé ti sọ̀rọ̀ nìyẹn," ni Kapitolina Markovna wí, ó sì fi áńkáṣífì bo ẹnu, ó húkọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí ń wọ àgọ́, kí wọ́n tó pinnu ohun tí wọ́n yóò ṣe sí i. Bí wọ́n bá lé e, yóò ku oṣù mẹ́jọ kí ó tó gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń ba Taisiya lẹ́rù. Ọkọ Kapitolina Markovna ni. Kíndìnrín Lavrenty Savelyevich ti kọṣẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, káàdì ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbà á wọlé. Bí iṣẹ́ bá lọ, káàdì lọ. Bí káàdì bá lọ, ó di ẹni tí ń tò sẹ́yìn ìlà ní ilé ìwòsàn àdúgbò, níbi tí ẹ̀rọ kò ti sí rárá.

Lọ́jọ́ kejì Taisiya tò sórí ìlà fún wákàtí kan àbọ̀, ó ra ọsàn kílò méjì, ó gbé e lọ sílé wọn. Lavrenty Savelyevich ló ṣílẹ̀kùn, ó rù, ó wọ búbà orun aláṣọ òtútù, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò sàìsàn.

"Ọsàn! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Lavrenty Savelyevich. Ẹ kúulé."

"Nígbà náà èmi ni ó ń kú lọ, wọn ò tíì sọ fún mi ni. Wọlé, wọlé, bọ́ bàtà ẹ. Kapa! Ọmọ ẹ dé, ó gbé ọsàn tó tó ti ìgbéyàwó!" Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣòfófó. "O ti gbọ́ ohun tí ìyàwó mi ṣe? Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gágun, ahọ́n ẹ̀ kò ta kókó rí. Ó wá tò sára nígbà tó ku oṣù mẹ́jọ! Mo ní ikọ́ ni. Ó ní kí n dákẹ́."

Taisiya rẹ́rìn-ín nítorí pé ọkùnrin náà fẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín. Ó ti wá yé e: ìyàwó rẹ̀ kò sọ fún un pé Taisiya ló ṣi ọ̀rọ̀ náà sọ.

Kapitolina Markovna wà ní ilé ìdáná, ó da ọkà sórí tábìlì, ó ń ṣa òkúta wẹẹrẹ kúrò nínú rẹ̀. Kò ní kí Taisiya jókòó. Taisiya gbé ọsàn sílẹ̀.

"Ọsàn kì í wo ikọ́," ni Kapitolina Markovna wí, kò gbójú sókè.

"Kapitolina Markovna, mo..."

"Rọra sọ̀rọ̀. Ó ń tẹ́tí." Ó gbá òkúta mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ohun méjì ni mo kọ́ ẹ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Má fi kún ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀. Má yọ kúrò nínú ẹ̀. Mi ò kọ́ ẹ ní ẹ̀kẹta, mo rò pé wọ́n ti kọ́ ẹ nílé."

Kò sí igbe níbẹ̀. Ìbá ṣe pé ó pariwo ni, Taisiya ìbá rí nǹkan fi ara pamọ́ sí. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí omi fi hó lórí iná, lẹ́yìn náà ó ní ilẹ̀ ń ṣú, òun ń lọ. Lavrenty Savelyevich ki ọsàn méjì sápò ẹ̀wù rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà. "Dókítà ní mi ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án," ó ní. "Ẹ̀yin tí kíndìnrín yín dá ṣáṣá, ẹ bá mi jẹ ẹ́."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Taisiya lọ bá Eduard Filippovich. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sínú láti ilé, ṣùgbọ́n bó ṣe wọlé gbogbo rẹ̀ dà nù, ó wá sọ ọ́ ní ṣókí. "Èmi ni. Kì í ṣe Kapitolina Markovna. Ikọ́ mú un, mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́."

Eduard Filippovich dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó padà. Ó fa àpótí tábìlì yọ, ó na súìtì kan sí i.

"Ta ló rán ẹ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọkàn mi ni."

"Ọkàn." Ó wo àjà. "N ò ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé mi. Gbọ́, Tasya. Ìwé ti gòkè láti àná, orúkọ ẹnì kan ló sì wà nínú rẹ̀. Ìwé tó bá ti gòkè kì í sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n á ní báwo ni mo ṣe ń ṣe àkóso tí mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àgọ́. Wọn á bi mí, wọn á bi ìwọ náà, wọn á sì tún bi Kapitolina pé kí ló dé tó dákẹ́. Dípò kí ẹnì kan jìyà, ó di mẹ́ta. Ṣé ohun tí ọkàn ẹ ń wá nìyẹn?"

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

Ó yí ojú sí fèrèsé. "Mo mọ̀. Mo mọ ọkọ rẹ̀, a jọ máa ń pẹja." Ó ti àpótí tábìlì wọlé. "Lọ múra Geneva ẹ. Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Jẹ súìtì."

Taisiya jáde. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ti sọ ọ́, àbí kò sọ ọ́? Wọn ò gbà á ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹrin, súìtì ń yọ́ lẹ́nu rẹ̀, àfi nígbà tó dé àjà kejì ló gbọ́ bí ẹsẹ̀ òun ṣe ń yára, bí ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ojú tì í, ó di irin àtẹ̀gùn mú. Ó ti lọ jẹ́wọ́ fún ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé yóò ní kí òun máa lọ.

Ilé-iṣẹ́ yẹn ní àṣà kan. A lè fi ìwé tí èèyàn gbé lé ọ̀gá lọ́wọ́ sábẹ́ ìwé mìíràn títí ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn bá gbé lọ sí yàrá ìgbàwé ní ìsàlẹ̀, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́, tí wọ́n fún ní nọ́ńbà, ó di dandan kí ẹnì kan dáhùn rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ìdáhùn náà. Nọ́ńbà ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù, ju ọ̀gágun lọ.

Ó jókòó ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó fi kábọ̀n tí ń ṣe ẹ̀dà sáàárín ìwé méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé àlàyé. Ti ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà kò le: "Láti aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, èmi ni mo wà lẹ́nu gbohùngbohùn." Ibi tí ó ti le ni ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí. Ó kọ pé ó rẹ òun. Ó wò ó. Ìṣẹ́jú méjì péré ni òun ti fi sọ̀rọ̀ nígbà náà, kí ló rẹ òun? Ó ya ìwé. Ó kọ pé ọ̀gágun yára jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó yára jù ú lọ ti kọjá lẹ́nu òun. Ó ya ìyẹn náà.

Ohun kan wà tí Kapitolina Markovna pàápàá kò mọ̀. Nínú àgọ́, bí ògbufọ̀ bá ṣì ọ̀rọ̀, ó ní àǹfààní láti sọ pé, "Ògbufọ̀ ń ṣe àtúnṣe," kí ó sì tún un sọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó fún un. Taisiya ní i. Ọ̀gágun dúró láti ṣí ewé tuntun, gbogbo ibẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Ó gbọ́ gbólóhùn tí òun sọ, ó mọ̀ pé kì í ṣe ti ojú ewé kọkànlá, kò sì tún un ṣe. Nítorí kí ni? Nítorí pé ó dúró dáadáa ní Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọdún mẹ́rin, gbólóhùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí kò tiro. Inú rẹ̀ dùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni, inú rẹ̀ dùn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, gbèsè ayọ̀ kékeré yẹn ni Kapitolina Markovna sì ń fi káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ san.

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Mo mọ̀ pé mo ti yà kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí a fi lé wa lọ́wọ́. Mo láǹfààní láti tún un ṣe. N kò tún un ṣe, nítorí pé ó dún bí òótọ́ létí mi." Ó fi orúkọ sí i.

Nonna Ippolitovna ló ń lu òǹtẹ̀ ní yàrá ìgbàwé, obìnrin ẹlẹ́ran ara tí kì í sọ̀rọ̀ láì ní èso òdòdó sunflower lẹ́nu. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó da èèpo ẹnu rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn.

"Ọmọ yìí, ṣé ara ẹ dá?"

"Ara mi dá, Nonna Ippolitovna."

"Mo gbọ́ pé Geneva lò ń lọ. Ilẹ̀ ṣokoléètì! Àbúrò mi obìnrin ìbá ta eyín ẹ̀ kó lè lọ." Ó ka ìlà tó gbẹ̀yìn, ó sì rọra sọ̀rọ̀. "Gbọ́, wá nǹkan ṣe sí ti 'òótọ́' yìí. Kọ ikọ́. Kọ orí fífọ́. Èmi ò tíì rí ìwé yìí, mò ń fọ gíláàsì ojú mi."

Ó sì bọ́ gíláàsì lóòótọ́, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó ń nù ún. Taisiya dúró. Ẹnikẹ́ni kò sí lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó lè mú ìwé náà kí ó sì máa lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ fún un ní nọ́ńbà."

"O ò jẹ́ kí ẹni fẹ́ràn ẹ," ni Nonna Ippolitovna wí. Ó gbé gíláàsì wọ̀. Òǹtẹ̀ bà lórí ìwé náà, *gbà*, ó sì tún bà lórí ẹ̀dà rẹ̀. "Ẹgbẹ̀rin lé méjìlá. Tọ́jú èyí. Bí wọ́n bá ní àwọn ò rí i, na tìẹ sí wọn lójú."

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìdáhùn dé, orúkọ Eduard Filippovich sì wà lábẹ́ rẹ̀, òun tí kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan kan. Wọ́n dá Kapitolina Markovna padà sínú àgọ́, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kò sọ fún ọ̀gá pé òun gbé gbohùngbohùn fún ẹlòmíràn. Ìkìlọ̀ náà yóò wà nínú fáìlì rẹ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Káàdì ilé ìwòsàn kò yẹ̀. Ẹlòmíràn lọ sí Geneva. Wọ́n gbé Taisiya lọ sí yàrá kan nísàlẹ̀ ilé, níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ tí ń fa omi tí wọ́n ń tà sókè òkun. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kò wọ ibẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó tún pàdé. Ní ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ ni, Taisiya dá jókòó pẹ̀lú ọbẹ̀ kábéèjì rẹ̀. Kapitolina Markovna gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ láì béèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Ikọ́ rẹ̀ ti lọ.

"Ẹ káàsán, Kapitolina Markovna. Bàbá ńkọ́?"

"Ó ń bú àwọn nọ́ọ̀sì. Ara rẹ̀ ti yá sí i nìyẹn." Ó gé búrẹ́dì sí méjì, ó ti ìdajì sọ́dọ̀ Taisiya. Ó jẹun díẹ̀. "Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ kà."

Taisiya di ṣíbí mú.

"Inú ẹ dùn, o ní?"

"Mi ò kọ ìyẹn síbẹ̀."

"Èmi ni mo kọ́ ẹ ní sísọ. Ṣé mi ò wá ní mọ̀ ọ́n kà ni?" Ó jẹun lọ. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta lo fi dákẹ́, Tasya. Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Alaalẹ́ ni mo ń dìde wo bóyá ó ń mí. Mo ń bínú sí ẹ. Mo ṣì ń bínú sí ẹ."

"Mo mọ̀, mà."

"Kí o ṣáà mọ̀."

Ó wu Taisiya kí ó bẹ̀ ẹ́, ẹ̀bẹ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i pé bí òun bá bẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí, Kapitolina Markovna ni yóò tún ní láti ṣe iṣẹ́ mìíràn fún òun, iṣẹ́ ìdáríjì, lójú gbogbo ènìyàn, nígbà tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń tutù. Ó gbé e mì. Ó mú búrẹ́dì tí wọ́n fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, àwọn méjèèjì sì jọ jẹun lọ títí aago fi lù.